Má Yọ̀ ní Ọjọ́ Kẹrin

Nígbà tí mo dé láti ibi tí mo ti lọ gba iná sí ẹ̀rọ Elétí, ìyá mi ti dìde. Ó ti wẹ̀. Ó ti ró aṣọ, ó sì ń wá gèlè rẹ̀ kiri.

"Ẹ jókòó," ni mo wí.

"N kò ní jókòó. Mo ti sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi ti fúyẹ́. Ìyá Timẹ́yìn gbé omi iyọ̀ wá fún mi lánàá, ó gbé e wá níjẹta. Mo fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí oòrùn tó mú."

Mo fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ooru ti lọ. Fún ọjọ́ mẹ́ta ni ara rẹ̀ fi gbóná bí ààrò. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ojú rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ẹyinjú ló ń dùn ún, torí bí ibà ọ̀sán ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ojú, ó kan eegun. Orúnkún rẹ̀ àti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè yí padà lórí ẹní. Láàárọ̀ yìí, ara rẹ̀ tutù. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ti máa pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá bá òun yọ̀.

Ìjọba ti fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára ògiri gbogbo ilé ní Ìlà Kẹrin, ìlà ilé tiwa, níbi tí àwọn ẹlòmíràn máa ń gbé àwòrán kọ́ sí: ỌJỌ́ KẸRIN: MÁ YỌ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù ju iwájú orí rẹ̀ lọ. Mo tẹ èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ títí ó fi funfun, mo fi í sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, ẹ̀jẹ̀ á ti padà kí a tó ka èjì tán. Mo kà dé ẹ̀rin.

"Ẹ ti jẹun?"

"Mo mu ẹ̀kọ díẹ̀."

"Ṣé ẹ bì?"

Ó ní kí n bá òun wá gèlè òun.

Elétí wà lọ́rùn mi. Kò tóbi ju agolo mílíìkì lọ. Ìjọba ní orúkọ gígùn kan fún un tí ẹnikẹ́ni kì í pè. Elétí ni àwa ń pè é, torí iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe ni kí ó máa gbọ́. Iná kékeré kan wà níwájú rẹ̀, aláwọ̀ ewé, kì í kú. Bí mo bá ń sùn, ó ń gbọ́. Bí mo bá lọ tọ̀, ó ń gbọ́. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ó máa ń bi gbogbo aláìsàn ìlà wa ní ìbéèrè mẹ́ta, á sì pe nọ́ńbà kan láti orí ení dé àrún. Ẹni tó bá gba àrún, Alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ọkọ̀ òfurufú ilé ìwòsàn, á bà, á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn orí òkè, níbi tí wọ́n ti lè fi omi sí i lára láti inú iṣan. Ẹni tí kò bá gbà á, omi iyọ̀ àti ṣúgà là ń fún un mu. A ó máa wò ó.

Tẹ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Elétí tó máa ń fa ẹ̀jẹ̀ bíńtín láti ìka, tó sì máa ń mọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ti ń ki. Abẹ́rẹ́ náà tán lọ́dún tó kọjá, òmíràn kò dé. Ohun tó kù tí Elétí ń ṣe ni kí ó wo ooru ara, kí ó sì gbọ́ ohun tí aláìsàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Òfin ni: ẹnu aláìsàn nìkan. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé Elétí ń gba ẹja àti epo lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n sì ń bá wọn purọ́ pé àìsàn wọn le. Ìyẹn ni ìjọba fi ní kí ẹni tó gbé e pa ẹnu dé, kí àwọn ará ilé náà pa ẹnu dé. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ́ aláìsàn ní ohun tí yóò wí, tàbí tó bá a wí i, Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kò ní bà sí gbogbo ìlà náà fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Ní Ìlà Kẹfà lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ sí ìyàwó rẹ̀ létí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Elétí gbọ́ ọ. Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, wọ́n ti sin èèyàn mọ́kànlá, ìyàwó náà sì wà nínú wọn.

Mo gbé e síwájú ìyá mi. Ohùn ọmọbìnrin ni wọ́n fi sínú rẹ̀, ohùn ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ilé.

"Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Báwo ni ara yín lónìí?"

Ìyá mi tún ìró rẹ̀ ró dáadáa. "A dúpẹ́, ọmọ mi. Ara ti yá."

"Ṣé ibì kan ń dùn yín?"

"Kò sí èyí tí Ọlọ́run kò ní mú kúrò."

"Ṣé ẹ bì, tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbì kankan lára yín?"

"Ibi kò ní rí wa."

Iná Elétí ṣẹ́jú. "Èjì," ó wí. "A bá yín yọ̀, Màmá."

Ìdáhùn mẹ́ta, kò sì sí ọ̀kan tó jẹ́ ìdáhùn.

Mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Mo rí ibi tó ti bì sí. Ó ti fi ẹsẹ̀ gbo iyẹ̀pẹ̀ bò ó, bí ológbò. Mo fi igi tú u. Dúdú ni, bí omi tí a fi ṣan èédú. Ibi méjì ló bì sí.

N kò kàwé iṣẹ́ yìí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gbé báàkẹ́ẹ̀tì tẹ̀lé nọ́ọ̀sì kan tó wà níbí, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, títí ibà fi pa òun náà. Ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀fọn abilà ló ń gbé ibà náà kiri, pé ọ̀sán ló ń jẹni, tí àwọ̀n ibùsùn kò fi wúlò sí i. Mo mọ̀ pé omi mímọ́ ló ń yé sí, ìdérí ìkòkò, ihò ọparun, ojú ẹsẹ̀ ewúrẹ́ lórí ilẹ̀ amọ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ la máa ń da omi nù, òjò á sì tún rọ ní Ẹtì. Mo mọ̀ pé kòkòrò inú rẹ̀ ti yí padà, àjẹsára àtijọ́ kò mú un mọ́. Mo mọ̀ pé a kì í fún aláìsàn ní oògùn orí fífọ́, torí ó ń mú ẹ̀jẹ̀ dà. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ kúrò nílé lọ́jọ́ tí ara ìyá mi kọ́kọ́ gbóná. Mo sì mọ̀ pé ní ọjọ́ kẹrin, ooru á lọ, aláìsàn á dìde, á béèrè oúnjẹ. Nígbà náà ni iṣan ń jò. Omi inú ẹ̀jẹ̀ ń bọ́ sínú ikùn àti sí àyà, kò sẹ́ni tó ń rí i. Tí wọ́n bá fi omi sí i lára lọ́jọ́ náà, ó máa ń yè. Bí ó bá di ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ìyá mi mọ gbogbo èyí. Mo ti sọ ọ́ lójú rẹ̀ nínú ogún ilé.

Ẹ má rò pé akínkanjú ni. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àwa tí a wá láti etí òkun, àgbàlagbà kì í tú àìsàn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ọmọ, ẹni tí wọ́n bá sì béèrè àlàáfíà rẹ̀, àlàáfíà ló ń fi dáhùn. Ẹnu tó bá pe ibi ló bá a ṣílẹ̀kùn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí òkun gba ìlú wa. Bàbá mi dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi wa, irin ti gún un ní ìhà. Ọkọ̀ ńlá kan kọjá nítòsí, wọ́n ké pè wá pé ṣé dáadáa la wà. Ìyá mi juwọ́ sí wọn, ó ní dáadáa ni, a dúpẹ́. Wọ́n tukọ̀ lọ. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé oníṣègùn méjì ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ìyá mi kò tíì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí. Èmi náà kò bi í.

Mo fi gèlè rẹ̀ pamọ́ sí abẹ́ àpótí kí ó má baà jáde, mo da omi iyọ̀ sí ife ńlá, mo ní kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Mo ní ilé mẹ́jọ tí mo gbọ́dọ̀ dé.

Ní ilé kẹta, Jọláadé ń ké. Jọláadé ni ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń tún iná olóòrùn ṣe fún wa. Ọjọ́ kejì rẹ̀ nìyẹn. Ó ti jẹ àwo ẹ̀wà kan lálẹ́ àná, àwo náà ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tí Elétí béèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí, ó ní òun ń kú, ó ní orí òun ti là sí méjì, ó ní kí wọ́n sọ fún ìyá òun pé ó dìgbà. Mo tẹ èékánná rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti padà kí n tó ka ení tán. Elétí ní àrún.

N kò bínú sí i. Ẹnu rẹ̀ ló lò.

Alàgbà Akínsúyì ni alábòójútó ìlà wa. Atukọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ páànù níwájú ilé rẹ̀, ó ń di àwọ̀n tí kò ní ibi tí yóò dà á sí. Mo kí i, mo jókòó. N kò lè sọ ohun tó wà nínú mi torí Elétí wà lọ́rùn mi, nítorí náà mo sọ òótọ́ nìkan: ìyá mi wà ní ọjọ́ kẹrin, èjì ló gbà.

Ó fi ojú tọ́ka sí ẹ̀rọ náà.

"Àwọn tó kọ́ nǹkan yìí bí a ṣe ń gbọ́ràn," ó wí, "bí èèrà bá ta wọ́n, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. Wọn kò mọ̀ pé ẹni tó ń kú lọ́wọ́ níhìn-ín ló máa kọ́kọ́ béèrè pé ọmọ rẹ ńkọ́."

N kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ àwọ̀n náà sílẹ̀.

"Ta ló kù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀?"

"Ìyá Timẹ́yìn nìkan."

"Ṣé òfin ní kí ọ̀rẹ́ má bẹ ọ̀rẹ́ wò?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá ń bi mí sí?"

Mo dìde, mo sáré. Ohun tí n kò rò nìyẹn. Ìyá mi kò lè sọ fún ọmọ, ohùn ọmọ sì ni wọ́n fi sí Elétí. Ṣùgbọ́n ẹlẹgbẹ́ ẹni kì í ṣe ọmọ. Bí ó bá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí mo bá dúró nítòsí, Elétí á gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Timẹ́yìn, mo ní ìyá mi ń béèrè rẹ̀. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí n má pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀.

Obìnrin sísanra ni Ìyá Timẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, ó ń fi ọ̀pá rìn. Òun nìkan ló kù láyé tó ń pe ìyá mi ní orúkọ. Kò tíì wọlé tán tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Fẹ̀yìntọlá, mo gbọ́ pé o fẹ́ wá dúpẹ́. Mo ní kí n wá gba ọpẹ́ mi fúnra mi, kí o má lọ ṣubú sí gọ́tà, kí wọ́n ní èmi ni mo pè ọ́."

"Ìwọ tí o kò lè rìn. Wo ẹsẹ̀ bí ti erin."

"Erin ni mí, mo gbà. Erin tó ń jẹun. Wo ọrùn tìrẹ bí ọrùn lékèélékèé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé bí ìyá mi ṣe ń rẹ́rìn-ín ló ń fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ ikùn rẹ̀. Ìyá Timẹ́yìn náà rí i. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan tí wọ́n jọ ń yan ẹja nígbà kan, tó gbé agbọ̀n ẹlòmíràn lọ sí ilé ọkọ. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa àtẹ́gùn òkun, pé kò sí irú rẹ̀ níbí. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo ń ṣe bí ẹni tó ń so okùn bàtà.

Ìyá Timẹ́yìn wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Fẹ̀yìntọlá. Èmi ni mo ń bi ọ́. Kí ló ń ṣe ọ́?"

Mo gbọ́ ohùn kan tí n kò mọ̀ pé ìyá mi ní.

"Inú mi ń jó. Láti kùtùkùtù ni. Mo bì lẹ́ẹ̀mẹta, dúdú ni. Bí mo bá dìde, ilé ń yí mọ́ mi lójú. Ẹ̀rù ń bà mí, ọ̀rẹ́ mi."

Mo wo àyà mi. Iná Elétí ti kúrò ní àwọ̀ ewé, ó ti ń pọ́n. Mo rò ó pé ó ti parí, mo ti ń ronú aṣọ tí ìyá mi yóò gbé lọ.

Elétí sọ̀rọ̀.

"Màmá, mo gbọ́ tí ẹ ní inú ń run yín, ẹ sì bì. Ṣé òótọ́ ni?"

N kò mọ̀ pé ó máa ń béèrè bóyá òótọ́ ni ohun tó gbọ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, torí kò gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Mo yíjú padà. Ìyá mi ti na ẹ̀yìn rẹ̀ ṣánṣán lórí ẹní. Ojú tì í. Mo rí i kedere. Ọmọ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, ọmọ sì ń bi í léèrè rẹ̀, lójú ọmọ mìíràn.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ó wí. "Èmi àti ọ̀rẹ́ mi là ń ṣeré. Kò sí nǹkan kan."

"Fẹ̀yìntọlá," ni Ìyá Timẹ́yìn wí. Orúkọ náà nìkan. Ó wò mí, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

"Ṣé ibì kan ń dùn yín, Màmá?"

"Rárá o."

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ jáde níbì kankan?"

"Àlàáfíà ni, ọmọ mi. A dúpẹ́."

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi: ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ó bi ẹ̀jẹ̀, ó ń kú. Kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aláìsàn mẹ́sàn-án ló wà ní ìlà wa lọ́jọ́ náà. Aboyún kan wà ní ilé ogún, ọjọ́ kẹta rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan wà ní ilé kọkànlá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti ń pupa. Mo rí ojú wọn, ojú gbogbo wọn, mo sì rí ojú ìyá mi. Mo dúró báyìí, ẹnu mi là sílẹ̀ bí ti ẹja, ìyá mi sì ń wò mí. Ó mi orí díẹ̀. N kò mọ ohun tó ń sọ. Bóyá ó ní kí n má sọ ọ́. Bóyá ọrùn ló ń dùn ún.

Mo pa ẹnu dé. Kò sí ẹni tó bá mi pa á dé.

"Èjì," ni Elétí wí.

Ìyá Timẹ́yìn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bú ìyá mi. Ó pè é ní arúgbó òmùgọ̀, ó ní ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ló pa ọkọ rẹ̀, òun náà ló sì máa pa á. Ó ní bí ó bá kan òun, wọn á gbọ́ igbe òun dé ibi tí òkun wà nísinsìnyí.

"Máa ké nígbà náà," ìyá mi dáhùn. "Ẹnu rẹ ti gbòòrò tẹ́lẹ̀."

Ó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní kí n bo ẹsẹ̀ òun.

Mo fún un ní omi iyọ̀ láti ìgbà náà lọ, ṣíbí kan, ṣíbí kan. Èyí tó bì pọ̀ ju èyí tó mu lọ. Ní agogo mẹ́rin, mo gbọ́ tí Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ bà sí ẹ̀yìn ìlà. Eruku rẹ̀ wọlé. Mo gbọ́ tó tún gbéra. Ìyá mi gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ó ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé ó yẹ kí wọ́n fi epo sí i. Kò tọ̀ rárá lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ń ju aṣọ nù, ó ń fà á bora, ó ń pe bàbá mi pé kí ó di àjẹ̀ mú dáadáa. Kókó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ti sọ sí i lápá.

Elétí kí i ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún. Ìyá mi la ojú, kò dáhùn. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Ètè rẹ̀ ń mì, kò sí ohùn.

"N kò gbọ́ ìdáhùn," ni Elétí wí. "N kò lè pe nọ́ńbà. Mo máa tún béèrè lọ́sàn-án."

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìyá mi ti kú.

Òfin ni pé kí a sin ín lọ́jọ́ kan náà. A gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè, níbi tí ilẹ̀ kò ti fi omi pamọ́. Èèyàn pọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n jọ wá nínú ọkọ̀, tàbí àwọn ọmọ wọn. Alàgbà Akínsúyì ló sọ̀rọ̀. Ó ní ìyá yìí mọ ohun tó ń ṣe. Ó ní ó gbọ́ ìbéèrè, ó mọ ìdáhùn, ó sì gbé e mì, kí ọ̀dọ́ kan lè rí ibùsùn. Ó ní irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń tù wọ́n nínú. Ìyá Jọláadé wá, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ní Ọlọ́run yóò san án fún wa.

Mo gbé e dìde.

"Ibùsùn méjì ló wà nínú Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ lánàá," mo wí. "Jọláadé nìkan ló gùn ún. Èkejì lọ lófìfo. Ìyá mi kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n bi í, ó ní a dúpẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ẹnì kan ń fi ṣọ́bìrì tún etí ibojì ṣe, ó dáwọ́ dúró. Alàgbà Akínsúyì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun mọ̀, òun ló ka àwọn tó wọ Alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àwọn èèyàn ní nǹkan tí wọ́n máa gbé lọ sílé. Èèyàn rere ni. Mo ní n kò ní gbà á lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fún èmi ní tèmi.

Ara Ìyá Timẹ́yìn gbóná ní ọjọ́ kẹta ìsìnkú. Mo ń lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń ṣe bí ó ti ṣèlérí. Ó ń sọ fún Elétí pé ojú ń dun òun, eegun ń dun òun, pé kí ni wọ́n ń dúró dè. Elétí ní ẹ̀ta, Elétí ní ẹ̀rin. Ó máa ń wò mí lẹ́yìn náà bí ẹni tó ń sọ pé, o rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ara rẹ̀ tutù. Mo tẹ èékánná rẹ̀, mo kà dé ẹ̀rin. Eyín rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ń fi ahọ́n lá a mì. Ó mọ ohun tó ń ṣe òun ju bí mo ti mọ̀ ọ́n lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Elétí síwájú rẹ̀ ni ọkọ Timẹ́yìn wọlé. Láti Ìlà Kejì ló ti rìn wá kí ìyá ìyàwó rẹ̀. Ó ti wọ aṣọ tó dára. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó dìde, ó wá jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gbé fìlà lé orúnkún.

"Ẹ kú àárọ̀, Màmá," ni Elétí wí. "Báwo ni ara yín lónìí?"

Ìyá Timẹ́yìn wò mí. Mo rí i tó gbé ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ mì. N kò lè ní kí ọkùnrin náà jáde. N kò mọ̀ bóyá ìyẹn náà ń jẹ́ kíkọ́ aláìsàn ní ohun tí yóò wí. Mo tẹjú mọ́ ọn bóyá yóò yé e. Ó rò pé mo ń kí òun ni. Ó tẹríba sí mi, ó sì tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

Ìyá Timẹ́yìn fa aṣọ bo orúnkún rẹ̀.

"A dúpẹ́," ó wí. "Àna mi ló wá kí mi yìí. Ara ti yá."

Elétí béèrè méjì tó kù. Ìyá Timẹ́yìn fi ọpẹ́ dáhùn méjèèjì.

"Èjì," ni Elétí wí. "A bá yín yọ̀, Màmá."

Ọkọ Timẹ́yìn dìde kúrò lórí àpótí, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́, ó tẹríba síwájú àyà mi, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà.